Ojú Tuntun fún Ámpù Àfọwọ́ṣe: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ẹ kú oṣù tuntun o. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ojú ámpù, ìyẹn iwájú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa dá lóhùn níkọ̀ọ̀kan lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe kó márùn-ún jọ sójú kan. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín to ámpù nílé, mo mọ bó ṣe máa ń rí: inú ẹ̀ á ti pé, ohùn á ti máa jáde kedere, ṣùgbọ́n iwájú ẹ̀ ò ní bójú mu, ẹni tó bá sì wọlé, iwájú yẹn ló máa kọ́kọ́ rí kó tó gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an torí ibẹ̀ lọwọ́ èèyàn máa ń kàn lójoojúmọ́, ọ̀ṣọ́ lásán kọ́.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÒṢOGBO

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Bàbá mi tó ti dolóògbé ló ṣe ámpù kan ní 1984, tiransísítọ̀ 2N3055 mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òun la fi ń gbọ́ àwo orin ní pálọ̀ títí dòní. Pílíwúùdù tí wọ́n lẹ fọ́máíkà mọ́ ni wọ́n fi ṣe iwájú ẹ̀. Fọ́máíkà yẹn ti ń ṣí, gbogbo lẹ́tà tí bàbá kọ síbẹ̀ ti parẹ́, fọ́líọ̀mù tá a fi ń mú ohùn lọ sókè sódò sì máa ń yí tòun tìdí ẹ̀ tí mo bá fẹ́ mú un sókè. Mo fẹ́ fi alumíníọ̀mù rọ́pò ẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí mi ò fi ní ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrántí bàbá o, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ámpù tó ń dún ní 1984 tó ṣì ń dún lónìí, ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Torí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ẹ má ju iwájú àtijọ́ yẹn nù. Òun lẹ máa fi wọn tuntun. Ibi tí bàbá gbé fọ́líọ̀mù sí àti ibi tí wọ́n gbé súwíìsì sí nídìí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń sá fún tiransifọ́mà ni. Tẹ́ẹ bá sì parí iṣẹ́, ẹ kọ orúkọ bàbá àti ọdún sẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀ sílé fáwọn ọmọ.

Fọ́líọ̀mù tó ń yí tòun tìdí ẹ̀ yẹn, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀pá ẹ̀ ti jáde, irin pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń yọ síwájú níbẹ̀ bí eyín. Iṣẹ́ eyín yẹn ni kó wọ inú ihò kékeré kan lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn iwájú ámpù, kí fọ́líọ̀mù má bàa yí. Àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi píláyà ṣẹ́ ẹ torí kì í jẹ́ kí fọ́líọ̀mù fara ti ìdí pánẹ́ẹ̀lì dáadáa, a ó wá gbọ́kàn lé nọ́ọ̀tì nìkan, nọ́ọ̀tì á dẹ̀ tó bá pẹ́, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wáyà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sì máa lọ́ pọ̀ títí ọ̀kan á fi já. Tí eyín tiyín bá ṣì wà, ẹ lu ihò mílímítà 3 fún un sára pánẹ́ẹ̀lì tuntun, kọ́bù á bo ihò náà tó bá tóbi díẹ̀. Tó bá ti kán, ẹ fi wáṣà eléyín sábẹ́ nọ́ọ̀tì, kẹ́ẹ dè é dáadáa.

Kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, pípa súwíìsì nìkan ò tó. Kódà lẹ́yìn tẹ́ẹ bá yọ ọ́ tán, àwọn kapásítọ̀ ńláńlá inú ẹ̀ ṣì lè di iná mú. Ẹ wá rèsísítọ̀ 470 ohm, oní 10 watt, ẹ jo wáyà méjì mọ́ ọn, ẹ fi rọ́bà bo ibi tẹ́ẹ jó, kẹ́ẹ wá fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀. Tó bá jẹ́ oní 10,000 microfarad, ìdajì ìṣẹ́jú ti tó kí iná inú ẹ̀ gbẹ. Ẹ fi mítà wò ó, tí ò bá tíì wá sábẹ́ 2 volt, ẹ má tíì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn tó máa ń fi sukurudíráífà pa á pọ̀ gan-an, "pàá" tá a máa ń gbọ́ yẹn, kapásítọ̀ ló ń jìyà ẹ̀, iná ẹ̀ sì lè ta séèyàn lójú.

Ó wá ku ìwọ̀n. Ẹ má wọn láti ihò kan dé ihò kejì, torí tẹ́ẹ bá fi ìdajì mílímítà ṣì í níbì kan, tẹ́ẹ tún ṣì í níbòmíì, ìgbà tẹ́ẹ bá fi máa dé ihò kẹfà ó ti wọ́ lọ nílọ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Etí òsì àti etí ìsàlẹ̀ ni kẹ́ẹ ti máa wọn gbogbo ihò, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ yà á sórí pépà, tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fi yà á ẹ fa ìlà kan tó jẹ́ 100 mílímítà gééré sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, tí pépà bá jáde tán kẹ́ẹ fi rúlà wọn ìlà yẹn, tó bá jẹ́ 97 ló wọ̀n, ẹ̀rọ ti sún un kéré nìyẹn, ẹ tún un tẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹ lẹ pépà yẹn mọ́ páálí, ẹ lu páálí yẹn, ẹ kó fọ́líọ̀mù, súwíìsì àti jáàkì (ihò tí wáyà ohùn ń wọ̀) sínú ẹ̀, ẹ fi kọ́bù sórí wọn, kẹ́ẹ wá gbé e síwájú ámpù. Ẹ fọwọ́ yí i. Ṣé ìka yín ráyè láàárín kọ́bù méjì? Kọ́bù tó fẹ̀ tó mílímítà 25, mi ò kí ń jẹ́ kí àárín wọn dín sí 40. Ṣé ẹ̀yìn fọ́líọ̀mù ò fẹ́ kan híìtì síǹkì, irin tó ń gba ooru kúrò lára tiransísítọ̀? Páálí ò náni ní nǹkan kan, alumíníọ̀mù tẹ́ẹ bá ti lù kò ṣeé dí padà.

Ihò fún fọ́líọ̀mù kékeré ìgbàlódé, oní mílímítà 16, máa ń gba bíìtì 7 tàbí 7.5. Fọ́líọ̀mù àtijọ́ tó tóbi, irú èyí tó ṣeé ṣe kó wà lára ti bàbá, sábà máa ń gba 10. Jáàkì ńlá, oní 6.35, máa ń gba 10 náà, iná kékeré LED sì wà tó jẹ́ 3, ó wà tó jẹ́ 5. Ṣùgbọ́n ẹ fi kàlípà wọn ti ọwọ́ yín gangan, ẹ má tẹ̀lé ohun tí mo kọ síbí bẹ́ẹ̀ láìwọ̀n.

Alumíníọ̀mù tó nípọn mílímítà 2 tó fún ámpù pálọ̀, tó bá fẹ̀ ju 400 lọ ẹ lo 3 kó má bàa máa tẹ̀. Ẹ lẹ téèpù oníbébà bo gbogbo iwájú ẹ̀, ẹ fi pọ́ǹṣì àti òòlù sàmì sí àárín ihò kọ̀ọ̀kan kí bíìtì má bàa yọ̀ lọ, ẹ fi bíìtì 3 bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ tó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, alumíníọ̀mù fẹ́ràn kẹrosíìnì, kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹnu bíìtì. Kẹ́ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi kíláǹpù dè é mọ́ igi. Mo ti rí ẹni tó fọwọ́ di pánù mú tí bíìtì há sínú ẹ̀, tí pánù yẹn yí bíi fáànù, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ló gé.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ kó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ilé iṣẹ́, ẹ wé sánpépà 240 mọ́ igi tó gún, ẹ máa fà á lọ sọ́nà kan ṣoṣo láti etí kan dé etí kejì, ẹ má fà á bọ̀, ẹ má yí i po. Ẹ wá fi 400 parí ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ẹ má sì tún fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́ títí ẹ máa fi fọ́n kílíà, ọ̀dà tí ò láwọ̀, sí i. Tó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ fẹ́ kùn, ẹ bá àwọn tó ń kun ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún yín ní puráímà tó wà fún alumíníọ̀mù, torí ọ̀dà lásán máa ń bó lára alumíníọ̀mù bí èèpo ẹyin.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ kà jù nìyí o. Pílíwúùdù àti fọ́máíkà ò kí ń gbé iná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni bàbá lò látara ògiri wọnú ámpù, ewu ẹ̀ ò sì pọ̀ níwájú torí igi lọwọ́ ń kàn. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá gbé alumíníọ̀mù síbẹ̀, ẹ ti gbé irin síbi tí ọwọ́ gbogbo ará ilé ń kàn nìyẹn, súwíìsì tí iná 230 volt ń gbà kọjá sì wà lára irin yẹn kan náà. Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ámpù kan wá bá mi tí wọ́n pààrọ̀ iwájú ẹ̀ báyìí gẹ́lẹ́, igi ni tẹ́lẹ̀, wọ́n fi irin tó dán gbinrin sí i, ó wu èèyàn wò. Ẹnikẹ́ni ò rántí wáyà ilẹ̀ (ẹ́ẹ̀tì), èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Wáyà súwíìsì bó lẹ́yìn, ó fara kan irin, ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fi aṣọ tútù nù ún ni iná gbé. Ọlọ́run yọ ọ́, ó yè é, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mi ò gba ojú onírin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi mítà wò ó.

Torí náà, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, dandan ni. Èyí tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, kí bóòtì tiẹ̀ dá wà fún un lára késì, M4, pẹ̀lú wáṣà eléyín, ẹ má so ó mọ́ bóòtì tó di tiransifọ́mà mú. Láti ibẹ̀ ẹ tún fa wáyà kan lọ sí iwájú tuntun yẹn. Ọ̀dà kì í gbé iná, àwọ̀ dúdú tí wọ́n máa ń rẹ alumíníọ̀mù náà kì í gbé iná, torí náà ẹ ha ibi tí wáyà máa fara kàn títí irin á fi hàn. Ẹ fi mítà wọn láti ẹsẹ̀ ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì dé ojú pánẹ́ẹ̀lì, kó má ju 1 ohm lọ. Ẹ ki rọ́bà bo ẹsẹ̀ súwíìsì iná, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà ẹ̀ àti wáyà fọ́líọ̀mù jọ rìn pọ̀. Kẹ́ẹ tún pe oníná kó wò ó bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín ní ẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, torí ilé tó ní ihò mẹ́ta lára ògiri tí ihò kẹta ò so mọ́ nǹkan kan pọ̀ jù ní ìlú wa.

Ó ku ẹyọ kan. Tí ojú bá jẹ́ igi, jáàkì kọ̀ọ̀kan dá wà láyè ara ẹ̀. Tó bá di irin, gbogbo jáàkì onírin á di ọ̀kan lára irin yẹn, ilẹ̀ ohùn, ìyẹn wáyà tí iná ohùn ń gbà padà, á wá ní ọ̀nà méjì tó lè gbà, ámpù tí ò kùn rí á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ lo jáàkì onírọ́bà tí ara ẹ̀ ò kan pánẹ́ẹ̀lì, kí ilẹ̀ ohùn pàdé késì ní ojú kan péré nínú ámpù.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌKÒRÒDÚ

Ọ̀gá mi, àwọn tó ń fi lésà gé nǹkan ní Ṣómólú ní àwọn lè bá mi gé pásípẹ́ẹ̀sì dúdú, ike pẹlẹbẹ líle yẹn, pé á dán bíi dígí. Ṣé kí n ṣe é àbí alumíníọ̀mù ló dáa jù? Èyí tí mo fi pásípẹ́ẹ̀sì ṣe tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti fọwọ́ kan kọ́bù ẹ̀ báyìí, "hùùùn" ló máa ń ké.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣe méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lẹ fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀ ná. Ara èèyàn máa ń gba iná 50 Hz tó kún inú afẹ́fẹ́ ilé mọ́ra, tẹ́ẹ bá wá fọwọ́ kan ọ̀pá fọ́líọ̀mù tí ara ẹ̀ ò so mọ́ ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé kíkùn yẹn wọnú ẹ̀. Lára pánẹ́ẹ̀lì onírin tó so mọ́ ilẹ̀, irin á ti gbà á lọ sílẹ̀. Pásípẹ́ẹ̀sì ò lè ṣe é.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fi alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà 1 tàbí 1.5, sẹ́yìn, màá so ó mọ́ ilẹ̀, gbogbo fọ́líọ̀mù àti súwíìsì á wà lára ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn. Pásípẹ́ẹ̀sì mílímítà 3 á wá bò ó níwájú, ihò ti pásípẹ́ẹ̀sì á tóbi ju nọ́ọ̀tì lọ, kọ́bù á bo gbogbo ẹ̀. Kíkùn á lọ, nọ́ọ̀tì ò sì ní fún pásípẹ́ẹ̀sì mọ́ débi táá fi sán. Tó bá jẹ́ ọ̀kan tẹ́ẹ ti ṣe yẹn lẹ fẹ́ wò sàn, ẹ ha ẹ̀yìn fọ́líọ̀mù díẹ̀, ẹ jo wáyà mọ́ ara ẹ̀, kẹ́ẹ fà á lọ sílẹ̀ inú ámpù, ó máa dákẹ́.

Kí lésà tó gé e, ẹ bi wọ́n bóyá pásípẹ́ẹ̀sì gidi ni. Pátákó PVC wà tí wọ́n fi ń ṣe sáìnìbọ́ọ̀dù, ó jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n tí lésà bá jó o, èéfín olóró ló máa yọ jáde, ó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, ó sì máa ń jẹ irin ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀. Lésà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé, CO2 ni, kò lè gé alumíníọ̀mù rárá, torí náà tí wọ́n bá sọ pé àwọn á bá yín gé alumíníọ̀mù sí i, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n fẹ́ lò.

Lẹ́tà ńkọ́? Tó bá jẹ́ pásípẹ́ẹ̀sì tí ò láwọ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ẹ̀ lódìlódì bí ohun tá a rí nínú jígí, kí wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú bo ẹ̀yìn lẹ́tà náà. Tẹ́ẹ bá yí i padà, lẹ́tà á hàn kedere láti iwájú, ọwọ́ kankan ò sì ní lè pa á rẹ́ láé torí ọwọ́ ò débẹ̀. Tó bá dọ̀tí, omi àti ọṣẹ ni o. Ẹ má fi tínà tàbí pẹtiróòlù kàn án, àgàgà níbi tí lésà ti gé e, ó máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ̀rọ ohùn ni mo fi ń ṣòwò, mo máa ń gbé e fáwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ámpù mi mẹ́fà, ẹni kan ládùúgbò ló bá mi ṣe wọ́n, wọ́n lágbára. Ìṣòro mi ni ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wọn, oṣù mẹ́ta ò kí ń pé tó fi máa ń pa rẹ́, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á wá máa táràrà lóru, ọjọ́ kan wọ́n yí èyí tí ò yẹ kí wọ́n yí, ohùn hó gèè sétí ìyàwó. Kí ni mo lè ṣe?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú làálàá. Ojú ámpù tó ń lọ òde yàtọ̀ sí ti pálọ̀. Òógùn ọwọ́, eruku, òjò, ọtí tó dà sí i, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ lẹ́tà. Sítíkà ò lè pẹ́ níbẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi àyọ́ọ̀nù gbóná tẹ̀ látinú pépà náà ò lè pẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọ́n kílíà bò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tí mo fọwọ́ sọ̀yà fún ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú irin. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra alumíníọ̀mù tí wọ́n ti rẹ lárò dúdú, kí lésà kọ̀wé sí i, aró dúdú yẹn á ṣí níbi tí lésà bá kàn, lẹ́tà á jáde ní funfun láti inú ara irin fúnra ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ wọlé díẹ̀, kẹ́ẹ fi ọ̀dà funfun kún ojú ibẹ̀, kẹ́ẹ sì nu èyí tó yọ sójú kúrò. Kódà tí ọ̀dà yẹn bá lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìka á ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ibi tí lẹ́tà wà. Ìsàlẹ̀ kọ́bù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ́ sí. Ámpù òde sábà máa ń wà nílẹ̀ tàbí ní ìwọ̀n orúnkún, àwọn ọmọ yín á dúró láti òkè wò ó, kọ́bù á sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òkè kọ́bù ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Funfun lórí dúdú, lẹ́tà tí ò kéré sí mílímítà 5. Kí kọ́bù kọ̀ọ̀kan ní ìlà funfun kan tó ń tọ́ka, kí wọ́n sì fi àwọ̀ yàtọ̀ sáàárín kọ́bù gbohùngbohùn (máìkì) àti kọ́bù orin, pupa fún ọ̀kan, búlúù fún ìkejì, ọmọ tó bá sùn díẹ̀ náà á dá a mọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Ámpù tí ọmọ Yorùbá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe l'Abẹ́òkúta, tó ń lọ sóde Yorùbá, kí ló dé tá a fi máa kọ ọ́ lédè tí ọmọ tó ń yí i ò kà dáadáa? TAN, PA. OHÙN. ÌSÀLẸ̀ fún èyí tó ń lu àyà, ÒKÈ fún èyí tó ń ta létí. Mo ti ṣe é fún èèyàn mélòó kan, inú wọn dùn kọjá bẹ́ẹ̀. Kẹ́ẹ ṣáà kìlọ̀ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ pé kó rí i dájú pé lẹ́tà tó fẹ́ lò ní ẹ, ọ àti ṣ, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún yín wò kó tó gbẹ́ ẹ. Àmì abẹ́ lẹ́tà tètè máa ń dí tí lẹ́tà bá kéré, tàbí kí ọ̀dà gbé e mì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní 5 kì í ṣe 3.

ÌBÉÈRÈ LÁTI LONDON

Ẹ̀gbọ́n, Peckham ni mo ń gbé. Ámpù tí mo to sínú àpótí fẹ́ lọ sínú rack, férémù irin tí wọ́n máa ń to ẹ̀rọ sí, gíga ẹ̀ á jẹ́ 2U, ìyẹn àyè méjì nínú rack. Kí ni ìwọ̀n iwájú ẹ̀, ta ló sì lè bá mi gé e?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú òkè òkun. Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 19, ìyẹn mílímítà 482.6, gíga 2U jẹ́ 88.1 ní pánẹ́ẹ̀lì, torí wọ́n máa ń dín díẹ̀ kù lára 88.9 kó lè wọlé láìhá. Àárín ihò òsì àti ọ̀tún jẹ́ 465.1, àárín ti òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ 76.2. Ẹ lo alumíníọ̀mù 3, kódà 4 tí tiransifọ́mà bá wúwo, kẹ́ẹ sì gbé ẹ̀yìn ámpù lé irin nínú rack, ẹ má jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì nìkan máa gbé gbogbo ẹrù yẹn, ó máa tẹ̀. Ilé iṣẹ́ Schaeffer tó wà ní Berlin ní ẹ̀rọ ìyàwòrán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Front Panel Designer, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa yà á síbẹ̀, ó máa sọ iye owó ẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á gbẹ́ lẹ́tà sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́. Kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú, torí ẹ̀ ẹ kọ́kọ́ ṣe ti páálí tí mo sọ fún ará Òṣogbo.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌBÀDÀN

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ iṣẹ́ ni mí, ọmọ ọdún 19. Mo ti to ámpù mi àkọ́kọ́, tiransísítọ̀ C5200 àti A1943 ni mo lò, ó ń dún, ṣùgbọ́n mi ò lówó alumíníọ̀mù. Ṣé mo lè fi pánù firíìjì tó ti bàjẹ́ ṣe iwájú ẹ̀?

ÌDÁHÙN

Káàárọ̀ ọmọ mi, o kú orí ire ámpù àkọ́kọ́. O lè lò ó dáadáa. Pánù firíìjì kì í nípọn, torí náà bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ kó ká etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn, mílímítà 10, 10, ìyẹn ló máa jẹ́ kó le. Irin ni, kì í ṣe alumíníọ̀mù, torí náà ẹ́ńjìnì ọ́ìlì ni kó o ta sí ẹnu bíìtì, má jẹ́ kí dírìlì sáré jù. Gún ihò kó o tó kun ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn lo wà, jẹ́ kí n fi ibì kan hàn ẹ́. Lọ sí Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé. Wọ́n máa ń lo pèlébè alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní pléètì, tí wọ́n bá ti fi tẹ ìwé kan tán, wọn ò nílò ẹ̀ mọ́, wọ́n á kó o jọ fún àwọn tó ń ra alumíníọ̀mù àlòkù. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tà ẹ́ ẹyọ méjì. Ó fẹ́lẹ́ débi pé sísọ́ọ̀sì lè gé e. Wá pílíwúùdù mílímítà 6, gún gbogbo ihò ẹ̀ tán, gbẹ́ ẹ̀yìn ibi tí fọ́líọ̀mù wà kó tínrín kí nọ́ọ̀tì lè dé iwájú, kó o wá fi gọ́ọ̀mù lẹ pléètì yẹn mọ́ iwájú ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí wọn ò tẹ nǹkan sí ni kó wà níta. Fi sánpépà 400 fà á sọ́nà kan, ó máa dà bí ohun tó ti ilé iṣẹ́ dé.

Má sì rò pé torí ó fẹ́lẹ́ tí igi sì wà lẹ́yìn ẹ̀, kò kàn ọ́ láti so ó mọ́ ilẹ̀. Irin ni, ọwọ́ ń kàn án. Ká igun pléètì kan lọ sẹ́yìn igi, lu ihò sí i, fi bóòtì àti wáṣà eléyín de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, kó o gbé mítà, fi ẹnu kan sí ẹsẹ̀ ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì, fi ẹnu kejì sí iwájú pléètì níbi tí sánpépà ti fà á. Tí mítà bá ti dún, o lè wá kó kọ́bù rẹ sí i.